Ta Ló Dí Ihò Tí Iná Oòrùn Ń Gbà Jò?

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, pánẹ́ẹ̀lì sólà ń pọ̀ sí i lórí òrùlé wa bí ìtẹ́ ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ. Onídìrí ń lò ó, ilé ìwòsàn kékeré ń lò ó, àwọn ẹbí tí owó epo jẹnẹrétọ̀ ti sú náà ń dá owó jọ kí wọ́n lè rà á. Bí a bá bi ẹni tó ń tà á pé níbo ló ti wá, yóò dáhùn pé Ṣáínà ni, òótọ́ ló sì sọ. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti mọ ìkòkò lè yàtọ̀ sí ibi tí amọ̀kòkò ti kọ́ṣẹ́. Ní ọdún 1976, bí a bá fi owó òde òní ṣírò rẹ̀, agbára wáàtì kan ṣoṣo láti ara sólà lé ní 100 dọ́là. Nígbà tó fi di 2019, kò tó ìdajì dọ́là mọ́. Ta ló gbé e sọ̀kalẹ̀ láti òkè yẹn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní ọjà ni, pé bí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ṣe ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu ló jẹ́ kí owó rẹ̀ já wálẹ̀. Mo gbà pé ọjà ṣe tirẹ̀, màá sì padà sórí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú orí yìí ni pé ọjà ìbá má rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ sọ di púpọ̀, bí kì í bá ṣe ti àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n fi nǹkan bí ogójì ọdún jókòó ti ìbéèrè kan ṣoṣo: ibo ni iná yìí ń gbà jò?

Kí a tó mọ bó ṣe ń jò, ẹ jẹ́ ká mọ bó ṣe ń wọlé. Bí ẹ bá wo pánẹ́ẹ̀lì dáadáa, ẹ ó rí i pé ó pín sí awẹ́ awẹ́ bí obì. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ègé pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ gan-an, tí kò nípọn tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Sílíkọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe é, èròjà tó wà nínú yanrìn tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọ́síjìn, kò sí èyí tó tún pọ̀ tó o nínú èèpo ilẹ̀ ayé. Nínú sílíkọ́ọ̀nù tó mọ́, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan dà bí ọmọdé ọlọ́wọ́ mẹ́rin tó na ọwọ́ kọ̀ọ̀kan di ọwọ́ aládùúgbò rẹ̀ mú. Ohun tí àtẹ́lẹwọ́ méjì tó dìmọ́ra yìí pa mọ́ sáàárín ni nǹkan tíntìntín tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù. Ọmọ iná ni màá máa pè é níhìn-ín, nítorí òun là ń rán níṣẹ́ nígbàkúùgbà tí a bá tan gílóòbù. Bí ọmọ iná bá ṣì wà nínú àtẹ́lẹwọ́, kò lè lọ síbì kankan, iná kò sì lè rìn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní tirẹ̀ máa ń dé ní hóró hóró, bí èlùbọ́ tó ń gba ojú ajọ̀ bọ́ sínú ọpọ́n. Hóró ìmọ́lẹ̀ tí agbára rẹ̀ bá tó yóò já ọmọ iná kan gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn tó dì í mú, ọmọ iná náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri nínú awẹ́. Àyè tó fi sílẹ̀ la ó máa pè ní ihò.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn gan-an. Ọmọ iná tó ń rìn kiri tí kò mọ ibi tó ń lọ kò ní pẹ́ já sínú ihò kan, agbára tó gbà lọ́wọ́ oòrùn á sì di ooru lásán. Awẹ́ náà á gbóná, ilé á ṣókùnkùn. Ohun tí ọmọ iná nílò ni ohun tí òjò nílò kó tó lè dé inú àgbá: ìdagẹ̀rẹ́. Òjò tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ á dúró síbẹ̀ títí oòrùn á fi fà á gbẹ, ṣùgbọ́n èyí tó bá rọ̀ sórí páànù tó dagun á ṣàn lọ tààrà. Wọ́n ń ṣe ìdagẹ̀rẹ́ yìí sínú awẹ́ nípa fífi èròjà méjì tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Wọ́n fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀ sí apá iwájú; òun ní ọmọ iná kan ju sílíkọ́ọ̀nù lọ. Wọ́n fi bórọ́ọ̀nù díẹ̀ sí apá tó kù. Ti òun fi ẹyọ kan dín. Níbi tí àwọn tó ní jù àti àwọn tí tiwọn kò pé bá ti pàdé, agbára kan máa ń dìde láàárín wọn tó ń ti ọmọ iná síwájú, tó sì ń ti ihò sẹ́yìn. Òun ni òrùlé dídagun wa. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń rí lójú pánẹ́ẹ̀lì ni ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ tó ń gba omi náà. Bí hóró ìmọ́lẹ̀ tó tó 100 bá bọ́ sórí awẹ́, mélòó nínú agbára wọn ló dé inú wáyà? Iye yẹn ni màá pè ní èrè ìmọ́lẹ̀, òun sì ni òṣùwọ̀n tí gbogbo ìtàn yìí rọ̀ mọ́.

Òye pé ìmọ́lẹ̀ lè bí iná ti pẹ́. Edmond Becquerel ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1839, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 19. Ní 1876, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní King's College nílùú Lọ́ńdọ̀nù, William Grylls Adams, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Richard Evans Day, rí i pé èròjà líle kan tó ń jẹ́ sẹ̀lẹ́níọ̀mù lè mú iná jáde bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Àmọ́ awẹ́ sílíkọ́ọ̀nù tó kọ́kọ́ wúlò kò ti yunifásítì wá. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló ni í, ní yàrá ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1954, èrè ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 6%. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo fẹ́ kó gbogbo oyè fún olùkọ́. Ilé iṣẹ́ tó lówó lè bí nǹkan tuntun. Ohun tó ṣòro fún un ni kó jókòó ti nǹkan náà fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó fẹ́ rà á. Lẹ́yìn 1954, sátẹ́láìtì ni oníbàárà gidi tí sólà ní, nítorí lókè ọ̀run lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó lè gbé epo lọ fún wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni Yunifásítì New South Wales ní ìlú Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ní àárín àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì ti fò sókè káàkiri ayé, ọ̀dọ́ olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Martin Green dá ẹgbẹ́ olùṣèwádìí kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn gbà ló yẹ kí a wò fínnífínní, nítorí ó jọ ti olóko tó ní agbè tó ń jò. Ẹlòmíràn á ra agbè mìíràn. Àwọn wọ̀nyí kó omi sínú rẹ̀, wọ́n gbé e sókè sí ojú oòrùn, wọ́n wá ojú kọ̀ọ̀kan tó ń jò, wọ́n wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń jò tó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí wọn láti orí èyí tó tóbi jù. Ìmọ́lẹ̀ kan ń ta padà láti ojú awẹ́ kó tó wọlé. Wáyà iwájú ń bo apá kan mọ́lẹ̀ bí òjìji. Ọmọ iná ń kú ní ojú awẹ́, níbi tí wáyà ti fara kàn án, àti jù lọ ní ẹ̀yìn. Ní 1985, wọ́n di ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe awẹ́ sílíkọ́ọ̀nù tí èrè ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé 20%, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé ọwọ́ kò lè tó.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ẹ̀yìn awẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó dùn jù wà. Mo ní átọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan di ọwọ́ aládùúgbò mẹ́rin mú. Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun, níbi tí awẹ́ parí sí? Wọ́n na ọwọ́, wọn kò rí ẹni dì mú. Ọwọ́ òfo yìí ló ń gbá ọmọ iná tó bá ń kọjá lọ mú, tó sì ń jù ú sínú ihò. Nínú awẹ́ ayé àtijọ́, wọ́n fi ọ̀dà alumínì kun gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ láti etí dé etí kí iná lè rí ọ̀nà jáde, ṣùgbọ́n ibi tí irin bá ti fara kan sílíkọ́ọ̀nù ni ọmọ iná ti ń kú jù. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ní agbo ewúrẹ́, tó ṣe ìlẹ̀kùn rere síwájú, tó wá fi gbogbo ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ gbayawu. Èyí tó bá sún mọ́ ìlẹ̀kùn á gba ibẹ̀ jáde sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Èyí tó bá ṣìnà lọ sẹ́yìn ti bá igbó lọ.

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe ní Sydney ni pé wọ́n fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí iná kì í gbà kọjá bo ẹ̀yìn awẹ́, wọ́n wá da ojú kéékèèké lu awọ náà, kí irin lè fara kan sílíkọ́ọ̀nù níbẹ̀ nìkan. Odi ni awọ yìí, àwọn ojú kéékèèké náà sì ni ẹnu ọ̀nà tó mọ níwọ̀n. Ọwọ́ òfo tó wà ní ìpẹ̀kun náà rí ohun tí wọ́n lè dì mú lára awọ yìí, ara wọn balẹ̀, wọn ò gbá ọmọ iná mú mọ́. Mo pe iṣẹ́ yìí ní ìpẹ̀tù, nítorí ohun tí à ń ṣe fún ẹni tí inú ń bí náà ni wọ́n ṣe fún ojú sílíkọ́ọ̀nù: wọ́n pẹ̀tù sí i nínú. Èrè kejì tún wà tí a kì í tètè rí. Ìmọ́lẹ̀ pupa àti èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí máa ń wọ inú awẹ́ jìnnà kó tó bá ọmọ iná kankan pàdé. Òmíràn á gba inú awẹ́ kọjá lọ pátápátá. Nígbà tí awọ yìí wà lẹ́yìn pẹ̀lú irin lẹ́yìn rẹ̀, ó di dígí. Hóró ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́ sá lọ á kọlu dígí, á sì padà wọ inú awẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n sọ awẹ́ yìí ní orúkọ tí ìkékúrú rẹ̀ jẹ́ PERC, wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1989: 22.8%. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi ń parí lọ, wọ́n ti gbé irú awẹ́ bẹ́ẹ̀ dé nǹkan bí 25%, bẹ́ẹ̀ òkè tí sílíkọ́ọ̀nù nìkan lè gùn dé nínú ẹ̀dá rẹ̀ kò ju bí 29% lọ. Ọdún 2014 ni ẹlòmíràn tó kọjá ibẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ tako mi lè béèrè pé: bí PERC bá dára tó bẹ́ẹ̀ ní 1989, kí ló dé tí kò dé orí òrùlé ẹnikẹ́ni títí di ẹ̀yìn 2010? Ṣé kì í ṣe bí àwọn yunifásítì ṣe ń ṣe nìyẹn, kí wọ́n tẹ ìwé jáde, kí wọ́n gba oyè, kí nǹkan náà sì kú sínú àpótí? Ìbéèrè tó tọ́ ni, ìdáhùn rẹ̀ sì tan ìmọ́lẹ̀ sí bí ìwádìí ṣe ń rìn. Ohun tí ènìyàn mẹ́ta lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe ní ẹyọ kan nínú yàrá ìwádìí, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ní wákàtí kan. Awọ tí Sydney lò nígbà náà gbówó lórí fún irú iṣẹ́ yẹn. Ibòmíràn ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 2010 dé, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Eindhoven ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì fi hàn pé awọ tí wọ́n fi alumínì àti ọ́síjìn ṣe, tó fẹ́lẹ́ ju ohunkóhun tí ojú lè rí lọ, pẹ̀tù sí ojú sílíkọ́ọ̀nù dáadáa. Awọ yìí tún ní agbára òdì nínú tó ń ti ọmọ iná sẹ́yìn, bí ajá ìdí odi tó ń gbó ewúrẹ́ padà sínú agbo. Nígbà tí ẹ̀rọ tó lè tẹ́ irú awọ bẹ́ẹ̀ kíákíá dé, tí ìtànṣán lésà sì ń lu ojú kéékèèké náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ilé iṣẹ́ rí ọ̀nà.

Síbẹ̀ ìṣòro kan ṣẹ́kù. Awẹ́ tuntun wọ̀nyí ń rẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti pa wọ́n fún ìgbà díẹ̀, nítorí bórọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn inú sílíkọ́ọ̀nù máa ń para pọ̀ di pàkúté fún ọmọ iná. Bí awẹ́ bá ṣe dára tó ni pàkúté yìí ṣe ń hàn sí i, bí àbààwọ́n ṣe ń hàn lára aṣọ funfun. Stuart Wenham, tó ti wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Sydney láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló wá ọ̀nà láti darí háídírójìn inú awẹ́ lọ síbi pàkúté wọ̀nyí, kó dì wọ́n lẹ́nu. Ẹ wá wò ó: ọdún 1989, lẹ́yìn náà Eindhoven, lẹ́yìn náà háídírójìn. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó lè dá dé orí òrùlé. Nígbà tó fi di 2020, PERC ló pọ̀ jù lọ nínú awẹ́ tí wọ́n ń ṣe láyé, àwọn ìran tuntun tó ti ń gba ipò rẹ̀ láti ìgbà náà kò sì kúrò lórí ìpẹ̀tù. Ńṣe ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ní 2023, wọ́n fún Martin Green àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Andrew Blakers, Aihua Wang àti Jianhua Zhao, ní ẹ̀bùn Queen Elizabeth fún ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Bìrìtìkó, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí ìwé wọn jáde.

Mo ṣèlérí láti padà sórí ọ̀rọ̀ ọjà. Àwọn tó ní ìjọba àti ilé iṣẹ́ ló mú owó sólà wálẹ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Òfin tí Jámánì ṣe ní ọdún 2000, tó ṣèlérí owó tó dájú fún ẹnikẹ́ni tó bá fi iná oòrùn ránṣẹ́ sórí wáyà ìlú, ló dá oníbàárà sílẹ̀. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ṣáínà ló ti ilé iṣẹ́ lẹ́yìn. Bí wọ́n sì ti ń ṣe púpọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wọn ń yá sí i: ní gbogbo ìgbà tí àpapọ̀ sólà tí ayé ti ṣe bá di ìlọ́po méjì, owó rẹ̀ ń fi bí ìdá kan nínú márùn-ún dín kù. N kò jiyàn èyíkéyìí. Ìbéèrè mi ni pé ọwọ́ ta ni wọ́n fi ṣe é? Shi Zhengrong wá láti Ṣáínà sí Sydney, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ Martin Green, ó sì padà sílé láti dá ilé iṣẹ́ Suntech sílẹ̀ ní Wuxi lọ́dún 2001. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ yìí ti wà lórí pátákó ọjà ìpín owó New York. Jianhua Zhao tó wà nínú àwọn tó ṣe awẹ́ 22.8% náà lọ kópa nínú dídá ilé iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní Ṣáínà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn láti yàrá kan náà sì di ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ káàkiri ibẹ̀. Ní 2013, gbèsè wó Suntech. Iṣẹ́ sólà Ṣáínà kò bá a wó, nítorí ìmọ̀ náà ti wà lórí àwọn ènìyàn tó lè gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ kejì. Lójú tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ ni ohun tó ṣe pàtàkì jù tí yunifásítì yẹn fún ayé, ó tilẹ̀ ju awẹ́ náà lọ. A lè ra awẹ́ lọ́jà. Ẹni tó lè sọ ìdí tí awẹ́ fi ń jò, ọdún púpọ̀ ni a fi ń tọ́ ọ.

Àtakò mìíràn wà tí kò yẹ ká fojú kéré. Wọ́n ní pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kò mọ́, pé iná ńlá tí wọ́n fi ń yọ́ yanrìn di sílíkọ́ọ̀nù ń ti inú èédú wá, nítorí náà a kàn ń gbé èéfín láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Òótọ́ ni pé èéfín wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé ìgbà wo ni pánẹ́ẹ̀lì san gbèsè iná tí wọ́n jẹ láti fi ṣe é. Níbi tí oòrùn ti pọ̀, nǹkan bí ọdún kan ni, nígbà mìíràn ó lè sún mọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ a máa ń retí pé kó ṣiṣẹ́ fún ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo ń pè ní àlòpẹ́ nìyẹn, kí a lo nǹkan lọ́nà tí ìlò òní kò fi jẹ ogún ọmọ tí a kò tíì bí. Ibi tí àtakò yìí ti lágbára jù ní ilẹ̀ wa ni bátìrì. Ọ̀pọ̀ ilé ló ṣì ń fi bátìrì òjé pa iná oòrùn mọ́, bátìrì òjé kì í sì pẹ́ kó tó kú. Bí wọ́n bá fọ́ ọ, tí wọ́n yọ́ òjé rẹ̀ ní gbangba, òjé á wọ ilẹ̀, á wọ ẹ̀fọ́, á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, níbi tó ti ń ba ọpọlọ tó ń dàgbà jẹ́. Kò sí iye iná tó mọ́ tó lè san gbèsè yẹn. Síbẹ̀ ìwádìí yunifásítì náà ló ń bá a jà, nítòsí wa pàápàá. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe ìdánwò lórí ilẹ̀ tí ìdọ̀tí bátìrì bàjẹ́ ní agbègbè Ìbàdàn. Wọ́n kó ewé olódòdó yẹ́lò tó ń hù gbìrìgbìrì lẹ́bàá títì wa, èyí tí àwọn kan ń pè ní jogbo, àti èèpo gbágùúdá, wọ́n jẹ́ kí wọ́n jẹrà di ajílẹ̀, wọ́n sì pò ó mọ́ ilẹ̀ náà. Ohun tó bá jẹrà dáadáa máa ń di òjé mú mọ́ra nínú ilẹ̀, kí gbòǹgbò irúgbìn má lè rí i fà tó bí ó ti ń fà á tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń dá nù ni wọ́n fi ṣe é, kò sí èyí tí a ní láti kó wọlé láti òkè òkun.

Ẹ̀yin tó ń kà á lè sọ pé ẹ gbà pé Sydney ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n Ọsirélíà ti ṣe ìwádìí, Ṣáínà ti ṣe pánẹ́ẹ̀lì, kí àwa kúkú ra tiwa, ká fi owó ìwádìí tún ọ̀nà ṣe. Màá gbà bẹ́ẹ̀ bí oòrùn wa, eruku wa àti òjò wa bá jẹ́ ti Sydney. Nọ́ḿbà tó wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì yín, yálà wáàtì 400 ni tàbí 550, inú yàrá ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, nígbà tí awẹ́ wà ní ooru 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí awẹ́ bá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó fi ń ti ọmọ iná síwájú ń rẹ̀, nítorí ooru ń mú kí ọmọ iná àti ihò tètè rí ara wọn. Nínú irú PERC, ó ń pàdánù bí 0.35% lórí ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án oṣù Kejì, awẹ́ tí wọ́n dè mọ́ páànù láìfi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn lè gbóná dé 65. Ìdá kan nínú méje iná tí ẹ san owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn, kí eruku tó dé rárá. Eruku ọyẹ́ wa pàápàá, tí apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì wá, kì í kàn bà lé dígí. Ìrì òwúrọ̀ máa ń pò ó di ẹrẹ̀ tó fẹ́lẹ́, oòrùn á sì sun ún mọ́ ojú pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù ló yẹ kí ènìyàn fọ̀ ọ́ ní Ṣakí? Ṣé ìdáhùn kan náà ló wà fún Badagry, níbi tí iyọ̀ òkun wà nínú afẹ́fẹ́? Kò sí olùkọ́ kankan ní Eindhoven tí owó oṣù rẹ̀ wà fún ìbéèrè yìí.

Ilé tí a lè ti bi í kò ṣàì sí. Láti àwọn ọdún 1980 ni ibùdó ìwádìí agbára ti wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, òmíràn wà ní Nsukka, òmíràn ní Sókótó. Ní 2019, Yunifásítì Bayero ní Kánò gba ibùdó iná sólà ńlá kan, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ sì yẹ kó jẹ́ yàrá ìwádìí ńlá, bí ẹnì kan bá ń ka nọ́ḿbà rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó ń já iṣẹ́ gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ ni àìdúróṣinṣin. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba gba oṣù mẹ́jọ. Ẹni tó bá ń wọn bí pánẹ́ẹ̀lì ṣe ń darúgbó kò lè sọ fún oòrùn pé kó dúró dè é. Bí oṣù mẹ́jọ bá já nínú ìwé rẹ̀, ọdún náà ti di òfo, akẹ́kọ̀ọ́ tó sì yẹ kó fi í gba oyè ti lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. N kò dá ẹni tó ń bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lẹ́bi. Mo kàn ń sọ pé irú iṣẹ́ tó gbé PERC jáde kò lè dúró lórí ilẹ̀ tó ń mì.

Ìbéèrè tuntun sì ti dé tó bá ilẹ̀ wa mu ju ibikíbi lọ. Ní 2009, Tsutomu Miyasaka àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Toin ti Yokohama ní Jàpáánù lo èròjà kan tó ń jẹ́ pẹrọ́fúskáìtì láti ṣe awẹ́ tí èrè rẹ̀ kò ju 3.8% lọ. Àwọn onímọ̀ ní Oxford àti ibòmíràn gbé e lọ síwájú, lónìí bí wọ́n bá tẹ́ ẹ lé sílíkọ́ọ̀nù lórí, kí ọ̀kan gba hóró ìmọ́lẹ̀ alágbára, kí èkejì gba èyí tó rọ̀, àwọn méjèèjì lápapọ̀ ti kọjá 33% nínú yàrá ìwádìí. Ohun tó ń pa á ni omi inú afẹ́fẹ́ àti ooru, ohun méjì tí a kì í ṣaláìní láti Èkó dé Kútọnu. Ilé iṣẹ́ lè ti àpẹẹrẹ rẹ̀ mọ́ inú àpótí tó gbóná tó sì rin, kí wọ́n ní àwọn ti dán an wò. Àmọ́ àpótí kò ní ọyẹ́, kò ní ìgbẹ́ ẹyẹ, kò ní ọ̀sán tó gbóná tí òjò ńlá já lé lójijì. Ẹnì kan ní láti gbé méjì nínú wọn sórí òrùlé ní Ifẹ̀ tàbí ní Ìbàdàn, kó máa fọ ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó fi èkejì sílẹ̀ fún òjò, kó sì kọ iye iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú wá sílẹ̀ lójoojúmọ́, títí òjò ọdún mẹ́ta yóò fi rọ̀ lé wọn lórí.